Ìdajì Ọsàn Lẹ́bàá Pápá

Bàbá mi tí àárò yín ń sọ mí,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọjọ́ mẹ́ta ti di ọdún méjì, mo mọ̀, àmọ́ báwo ni wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà? Ẹ ṣáà gbà á bí mo ṣe kí i yẹn. Orí bẹ́ńṣì tí ẹ fọwọ́ ara yín kàn lẹ́bàá pápá Ìkáré Àkókó ni mo jókòó sí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni. Ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì náà kan ṣì ń mì, òkúta tí ẹ fi tì í ló ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé e kúrò.

Ìròyìn tó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ni pé èmi ni kóòṣì ẹgbẹ́ họ́kì yín báyìí. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí yín. Ọmọbìnrin yín tó búra pé òun ò ní fọwọ́ kan igi họ́kì mọ́ láyé òun! Lẹ́yìn ìsìnkú yín ni àwọn ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wá bá mi ní Àkúrẹ́, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní eré ìdárayá, wọ́n ní kí n wá gba ẹgbẹ́ náà. Mo sọ fún gbogbo ayé pé torí ẹgbẹ́ ni mo ṣe gbà. Irọ́ ni. Torí yín ni, nígbà tí kò wúlò fún yín mọ́.

Ẹ máa ń sọ pé họ́kì kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ẹni tí wọ́n bá ti yọ, ó di kó lọ wẹ̀ nìyẹn. Nínú họ́kì, kóòṣì lè pe èèyàn jáde, kó sì tún dá a padà, ìgbàkúùgbà tó bá wù ú. Ibẹ̀ ni ẹ ti mú àṣà yín jáde. Bí ọmọ kékeré bá ṣàṣìṣe lórí pápá, ẹ ó pè é wá, ẹ ò ní bá a wí, ẹ ò ní pariwo, ẹ ó kàn mú ọsàn kan nínú agbọ̀n, ẹ ó là á sí méjì, ẹ ó fún un ní ìdajì. Kó tó mu ún tán, ẹ ti fọwọ́ gbá a léjìká pé ó yá, padà. Ìdajì ọsàn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ Ọ̀kà, ti Ṣúpárè, ti Ìkún, ti Àfìn, oníkálukú pẹ̀lú èdè ilé bàbá rẹ̀, gbogbo wọn ló gbọ́ èdè ọsàn yẹn.

Ẹ tún ní èyí tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu kóòṣì mìíràn. Àwọn yòókù a máa fi ọmọ tuntun sórí pápá nígbà tí góòlù bá ti di márùn-ún sí òdo, tí kò sí ewu mọ́. Ẹ̀yin a máa fi í síbẹ̀ nígbà tí nǹkan bá le. Ẹ ní ọmọ tí wọ́n bá gbé wọlé nígbà tí eré ti tán, wọn ò fọkàn tán an, wọ́n kàn ń ṣàánú rẹ̀ ni, ọmọ náà sì mọ̀. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láìmọye ìgbà. Orí mi ò gbà á, títí ó fi kàn mí.

Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn. A ò sọ ọ́ rí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, ẹ̀yìn ni mo ń gbá, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Ìbàdàn kan la sì ń bá figagbága. Ẹni tó bá borí ló máa bọ́ sí ìpele àwọn tó ń gba owó oṣù. Mo fi ọ̀lẹ gbá bọ́ọ̀lù gba iwájú ilé góòlù ara wa kọjá, ohun tí ẹ ti kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejìlélógún, ọ̀tá já a gbà, góòlù! Ẹ pè mí. Ẹ fún mi ní ìdajì ọsàn. Ẹkún ni mo ń sun, omi ọsàn àti omi ojú ló jọ ń wọ̀ mí lẹ́nu. Mi ò tíì mu ún dé ìdajì tí ẹ fi ní ó yá, padà. Mo padà. Nígbà tó ku díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè ìparí, mo tún ṣe ohun kan náà gẹ́lẹ́. Wọ́n nà wá, méjì sí ẹyọ kan.

Háà, ariwo ọjọ́ yẹn! Wọ́n ní torí pé ọmọ yín ni. Wọ́n ní kóòṣì wo ló máa dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà, bí kì í bá ṣe ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi gba ẹgbẹ́ lọ́wọ́ yín. Kí wá ni èmi ọlọ́gbọ́n sọ fún yín? Ẹ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ ń fi àkísà nu ẹrẹ̀ kúrò lára igi mi, mo dúró lé yín lórí, mo ní ẹ ti dójú tì mí níwájú gbogbo Ìkáré, ẹ̀ bá ti fi mí sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì. Ẹ kàn gbójú sókè, ẹ ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Ìbéèrè yẹn náà lẹ ń bi mí ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi lórí fóònù, fún ọ̀pọ̀ ọdún tí mo fi wà ní Àkúrẹ́. Ṣé o ti jẹun? Mo máa ń sọ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi, màá pè yín padà. Ìgbà mélòó ni mo pè yín padà, Bàbá? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dé orí bẹ́ńṣì yìí. Ọmọbìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, Ìbùkún ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀kà, kò tíì pé ọdún méjìdínlógún. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ojú rẹ̀ mọ́, kì í sọ̀rọ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ ò fẹ́ irú rẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ kó àwọn tó ti gbó nínú eré wá láti Ìbàdàn àti Èkó, pé ẹgbẹ́ tó bá ń tọ́ ọmọ kékeré ò ní borí lọ́dún yìí. Mo bá wọn jà. Mo fẹnu jà gan-an, ẹ mọ ẹnu mi. Wọ́n wá ní ó dáa, àmọ́ bí a bá já wálẹ̀ kúrò ní ìpele tí a wà, orí mi ni wọ́n máa gbé e lé.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo fi Ìbùkún sẹ́yìn, níbi tí mo ti gbá rí. Kò pẹ́ rárá tó fi gbá bọ́ọ̀lù gba iwájú ilé góòlù wa kọjá. Àṣìṣe tèmi gan-an! Góòlù. Mo pè é jáde. Mo fún un ní ìdajì ọsàn, torí mo ti ń ṣe àṣà yín, mo sì ń fi yangàn. Ó mu ún. Ó ń wò mí. Mi ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ṣé ẹ rántí Bọ̀dá Délé, tó jẹ́ kápútéènì àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ yín nígbà náà? Òun ni igbákejì mi báyìí. Ó sún mọ́ mi, ó rọra ní, "Kóòṣì, ọmọ yẹn ti mu ọsàn rẹ̀ tán tipẹ́."

Mo ní, "Bọ̀dá Délé, ẹ jẹ́ n ronú, jàre."

Kí ni mo ń rò? Ìgbìmọ̀ ni mo ń rò. Mo ń rò ó pé kí wọ́n má sọ nípa mi ohun tí wọ́n sọ nípa yín. Ọmọ náà jókòó títí eré fi parí, èèpo ọsàn wà lọ́wọ́ rẹ̀. A borí o, Bàbá. A borí, wọ́n ń gbé mi sókè. Nígbà tí mo máa wẹ̀yìn, èèpo ọsàn nìkan ló wà lórí bẹ́ńṣì, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ jẹ́jẹ́. Láti ọjọ́ náà, Ìbùkún ò wá sí pápá mọ́.

Bọ̀dá Délé ló wá là mí lójú, ìbínú ló sì fi là mí lójú. Ó ní ṣé mo mọ ìdí tí wọ́n fi gba ẹgbẹ́ lọ́wọ́ yín? Mo ní torí pé a pàdánù ni. Ó ní rárá. Ó ní òun wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ ṣáà sọ pé àṣìṣe ni bí ẹ ṣe dá mi padà, pé ẹ jẹ̀bi, àwọn á sì gbàgbé gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ̀. Ẹ ní bí ẹ bá lè fẹnu yín sọ pé àṣìṣe ni, ọmọ yẹn máa gbọ́, kò sì ní dìde mọ́. Bọ̀dá Délé ní ẹ bẹ òun kí òun má sọ fún mi, kí n má baà rò pé mo jẹ yín ní nǹkan kan.

Orí mi o! Ẹ gbé iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ràn jù láyé sílẹ̀ kí n má baà gbọ́ gbólóhùn kan. Èmi ni mo wá dúró lé yín lórí lẹ́yìnkùlé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ ò na mi?

Ní Ọjọ́rú, mo ra ọsàn, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀kà. Ẹ̀gẹ́ ni Ìbùkún àti ìyá rẹ̀ ń bó lójúde. Ìyá náà kí mi dáadáa, ó fún mi ní àga, kó tó wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi kì í sunkún, kóòṣì. Torí eré yín yìí, ó sunkún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ní kó jókòó, ó jókòó. Ẹ ò rántí ní kó dìde."

Mo kúnlẹ̀ níwájú ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ ké, "Háà! Èèwọ̀! Ẹ dìde, ẹ má ṣẹ́ èpè fún ọmọ mi!" Mo dìde, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láàárín èèpo ẹ̀gẹ́, mo fi ọ̀bẹ wọn la ọsàn, mo fún un ní ìdajì. Mo ní kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n gbá, ẹ̀rù ìgbìmọ̀ ló bà mí, kó dárí jì mí.

Ó di ọsàn náà mú, kò mu ún. Ó ní, "Bí mo bá tún ṣe é ńkọ́, mà?"

"Wàá mu ọsàn, wàá padà."

"Bí mo bá tún wá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì?"

Mo ní, "Ọsàn pọ̀ ní Àkókó." Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Àná la gbá eré mìíràn. Ó wá. Ìyá rẹ̀ bá a wá, ó dúró lẹ́bàá pápá pẹ̀lú agbòòrùn. Ọ̀mì la wà, ẹyọ kan sí ẹyọ kan, nǹkan le, mo ní kó wọlé. Bàbá mi, bí mo ṣe ń wò ó báyìí, ọmọ yìí tún gbá bọ́ọ̀lù gba iwájú ilé góòlù wa! Wọ́n gbá a wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ ń ké lẹ́yìn mi, "Yọ ọ́! Yọ ọ́ kíá!" Mo pè é. Mo kánjú la ọsàn débi pé omi rẹ̀ ń ṣàn wọ inú apá aṣọ mi. Ó mu ún lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, mo gbá a léjìká. Mo ní, "Ó yá, padà." Ó wò mí bí ẹni tí kò gbà á gbọ́. Ó fi èyí tó kù sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sáré wọlé.

Wọ́n nà wá, méjì sí ẹyọ kan. Iye góòlù ọjọ́ wa yẹn gan-an. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ni bọ́ọ̀lù tún dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ níwájú ilé góòlù, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì gbá a gba ẹ̀gbẹ́ jáde, bó ṣe yẹ. Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí n wá rí àwọn ní Ọjọ́bọ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n máa ní kí n sọ. Mi ò ní sọ ọ́.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo wẹ̀yìn lánàá, nígbà tí pápá ti dá, mo sì mu èyí tó kù nínú ọsàn ọmọ náà lórí bẹ́ńṣì yìí. Ó dùn. Mi ò rántí pé tèmi dùn lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ fún mi ní ìdajì ọsàn, ẹ ní kí n padà, mo padà sórí pápá. Ilé ni mi ò padà sí. Ẹ dúró, ẹ ń pè mí lọ́jọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan, ẹ ń bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, títí fóònù fi dákẹ́. Ẹ dárí jì mí.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi nìyí, àsìkò yín ló tó yìí.

Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá mi. Mo ti jẹun.

Èmi ni,
ọmọ tí ẹ dá padà.