Fótò Mi fún Ìwé Ìmọ́lẹ̀ayọ̀

Ìbíyẹmí ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù, mo sì kí ọ kú ìtọ́jú àwọn arúgbó òyìnbó. Ṣé ọkọ rẹ wà dáadáa? Ṣé Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ọmọ ọmọ mi ń jẹun? Ọlọ́run tó gbé yín dé Dágẹ́námù kò ní fi yín sílẹ̀ níbẹ̀. Bàbá rẹ kí ọ, wọ́n ní báwo lẹ ṣe fi abúlé sílẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ tún lọ ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ń pè ní Village.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ ọ́tísíìmù tí wọ́n ní ó ń ṣe Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, tí o bá mi sọ lórí fóònù. O ní wọ́n ń ṣàròyé pé ọmọ náà kì í wo ojú ènìyàn. Ó yà mí lẹ́nu, torí níbí, ọmọ tó bá ń wo àgbà lójú kòrókòró là ń sọ pé kò gbẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ti pé ó ń bu ara rẹ̀ jẹ, tó ń forí gbá ògiri, ìyẹn dùn mí wọra. Èmi ni mo sọ nígbà yẹn pé kí o nà án. Dárí jì mí. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ló wà nínú rẹ̀ tí kò rí ọ̀nà jáde.

O ní olùkọ́ rẹ̀ fún un ní ìwé àwòrán, pé bó bá fẹ́ omi, kó yọ àwòrán omi fún yín, kí ẹ tètè fún un, kí ẹ sì yìn ín. Mo ní kí n dán an wò lára bàbá rẹ, o mọ bí wọ́n ṣe ń jágbe bí ebi bá ń pa wọ́n. Mo ya abọ́ sórí páálí, mo ní ariwo ò níí ní ìdáhùn mọ́, páálí ni kí wọ́n gbé wá. Wọ́n bínú fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n rọra gbé páálí náà lé mi lẹ́sẹ̀. Mo bu ẹ̀bà, mo fi ẹran kan lé e, mo ní ẹ káre láé. Àṣé ebi lásán ni gbogbo igbe ogójì ọdún yẹn.

O ní gbogbo ohun tí ọmọ náà fẹ́ràn ló wà nínú ìwé yẹn, títí kan bọ́ọ̀lù àti ìrẹsì. Mo bi ọ́ bóyá èmi náà wà níbẹ̀, o ní fótò mi ò tíì sí níbẹ̀. Mi ò bínú. Mo kàn lọ bá Kàsímù onífótò ni. Ó fẹ́ fi ọkọ̀ òfurufú sí ẹ̀yìn mi, mo kọ̀, kí ọmọ má baà rò pé mo ti gbéra. Gèlè aláwọ̀ ewé tó máa ń nawọ́ sí lójú fóònù ni mo wé, kó lè dá mi mọ̀. Fótò náà ló wà nínú àpòòwé yìí.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún Kàsímù, àti owó dátà. Ti dátà ló ká mi lára jù, torí olùkọ́ ní bó bá ti fi àwòrán léni lọ́wọ́, ohun tó béèrè gbọ́dọ̀ tètè dé. Bó bá di ọjọ́ kan tó fi mí lé ọ lọ́wọ́, má sọ fún un pé mo jìnnà. Pè mí kíákíá. Mo ti so fóònù mọ́ ọrùn, mò ń gbé e lọ sóko.

Ọlọ́run tó gbọ́ èdè ẹkún yóò fi yé ẹ̀yin náà. Kò pọn dandan kó wò mí lójú o, ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn. Kó ṣáà ti béèrè mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.