Ìbéèrè Dókítà Lórí Ààwẹ̀

Bọ̀dá wa, ẹ kú òtútù ìlú òyìnbó. Mo kí ìyálé mi àtàwọn ọmọ. Ara Màmá le ní Òkè-Oyì.

Ikọ́ tí kì í jẹ́ kí Hadiyyah sáré ló gbé èmi àti àbúrò yín dé ọ̀dọ̀ dókítà. Dókítà gbóòórùn sìgá lára ọkọ mi, ó ní, "Èéfín yìí ló ń fa ikọ́ ọmọ. Ṣé ẹ máa ń mu ún lẹ́nu ààwẹ̀?"

"Astagfirulai! Rárá o."

"Ẹ lè fi í sílẹ̀ nìyẹn."

Alihamdulilahi, oṣù méjì rèé, ọkọ mi kò fẹnu kan sìgá mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, páálí sìgá tí ẹ máa ń rà bọ̀ fún un, ẹ fi owó rẹ̀ ra bàtà fún Hadiyyah. Ọlọ́hun á mú yín dé láyọ̀. Ọmọ ti ń sáré báyìí.

Ìyàwó yín,
Sàfúrátù