Ọta Ọgọ́rin Tí Bàbá Lyle Tú

Ilé Kẹrìnlá, Òpópónà Cottonwood,
Harlan Creek, Montana,
Amẹ́ríkà.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Keje, 2019.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Bọ́ládálé,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún bàbá yín ti fún wọn nísinmi díẹ̀? Ara tèmi le, àfi ìtìjú tó ń bá mi jà láti ọjọ́ Àìkú.

O rántí pé a kì í bá bàbá yín sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ń ki ìbọn? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni níbí. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbé láàárín wọn, mo mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ mo ṣe é.

Aládùúgbò mi ni Lyle Haugen, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Baba rẹ̀ fi ìbọn kan sílẹ̀ fún un, irú èyí tó ń ki ara rẹ̀. Bí o bá yìn ín, díẹ̀ nínú gáàsì ẹ̀tù á sáré gba ihò kan, á ti ọ̀pá irin sẹ́yìn. Ọ̀pá á ju èèpo ọta dànù, á fi òmíràn sípò. Bí gáàsì bá pọ̀ jù, ọ̀pá á tẹ̀. Ìdí nìyí tó fi de ṣíkúrúù kékeré kan mọ́ ọn, tó ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí gáàsì á fi mọ níwọ̀n. Ká ní o rí i ni, Bọ́ládálé! Ojú kan náà ni gbogbo èèpo ọta máa ń já bọ́ sí. Òun ló sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ di ọta rẹ̀, ó ń wọn ẹ̀tù bí ẹni ń wọn wúrà.

Ọjọ́ Àìkú ni ìdíje ìbọn ìlú wa. Ìgbà mẹ́sàn-án ni Bàbá Lyle ti ṣe ipò kejì. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un, dókítà ò sì ṣèlérí ohunkóhun, nítorí náà èyí lè jẹ́ àṣekẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́tà dé pé yunifásítì gba ọmọ mi. Ayọ̀ àyọ̀jù ni àkèré fi ń ṣẹ́ nítan: mo já wọ inú ṣẹ́ẹ̀dì bàbá yìí. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ooru, ìyàwó ńkọ́, màlúù ńkọ́! Ọta fún ìbọn méjì ló ń dì láàárọ̀ ọjọ́ náà, ti baba rẹ̀ àti èyí tó fi ń pa ìgalà, ẹ̀tù ti ìbọn ìgalà sì ju ti ìbọn baba rẹ̀ lọ. Ó gbójú sókè, ó bá mi yọ̀, ó dáhùn gbogbo ìkíni mi títí dórí màlúù.

Ní pápá ìdíje ló tó rí i pé, níbi tí mo ti ń kí i, kò sàmì sínú ìwé rẹ̀ pé òun ti yí òṣùwọ̀n ẹ̀tù padà sí ti ìbọn baba òun, kò sì dá a lójú mọ́ bóyá òun yí i. Gbígbé ọta sórí ìwọ̀n ò lè yanjú rẹ̀, torí èèpo ọta kan máa ń wúwo ju èkejì lọ. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ọta ti tì, kò sì sẹ́ni tó ń yin ọta tí ẹlòmíràn dì níbẹ̀.

Wade Purcell, tó máa ń borí rẹ̀, rẹ́rìn-ín: "Bàbá, ẹ ṣáà ṣí ṣíkúrúù yẹn sí i, kí gáàsì bá ibẹ̀ jáde. Àbí ẹ̀rù mi ló ń bà yín?"

"Ọ̀pá ni ṣíkúrúù ń gbà là, Wade. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, ẹ̀gbẹ́ ojú mi níbí ni ìbọn máa bú sí."

Ló bá jókòó, ó ń tú ọta ọgọ́rin náà níkọ̀ọ̀kan, ó ń da ẹ̀tù wọn sínú ike. Nígbà tí akọ̀wé ìdíje bi í, ó ní, "Mo ṣì í." Kò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi.

Ara mi ò gbà á. Mo pariwo pé èmi ni mo kí i nídìí ẹ̀tù.

"Háà!" ni Wade wí. "Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń kí èèyàn pa ni?"

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín, àfi Bàbá Lyle.

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ìkíni ò wọn ẹ̀tù. Ọwọ́ mi ló wọ̀n ọ́n."

Wade ló gba ife ẹ̀yẹ, Bàbá Lyle ló sì kọ́kọ́ dìde pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo ọta yẹn dára o, Bọ́ládálé. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì tú wọn. Mo sunkún nínú ọkọ̀ mi, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Bá mi dọ̀bálẹ̀ fún bàbá yín, kí o sì kí gbogbo ará ilé.

Èmi ni, tìrẹ tọkàntọkàn,
Ọláòṣebìkan