Àpótí Káàdì àti Igbá Màtè Eudosia Barragán

Èmi, Eudosia Barragán Liendo, nọ́ọ̀sì ní ìlú Rosario, tó fi ọdún mẹ́tàdínlógún kan ilẹ̀kùn àwọn ayálégbé láti wá ikọ́ ife kàn: ikọ́ náà ti wá gbé mi dè wàyí, ṣùgbọ́n orí mi pé, ọwọ́ mi kò sì gbọ̀n. Ohun tí mo kọ síhìn-ín ni kí ẹ ṣe.

Ìkíní. Ilé mi di ti Domitila, àbúrò mi. Kò gbọdọ̀ kan fèrèsé kankan pa.

Ìkejì. Ewúrẹ́ mi di ti Ítala Perutti alágbàfọ̀, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀. Kí ó máa se wàrà rẹ̀ kó hó dáadáa. Alágídí ni Ítala, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé òfin.

Ìkẹta. Àpótí káàdì mi di ti Celina Otaegui, nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi, òun náà ni alámòójútó ìhágún yìí. Yàrá kan, káàdì kan: ẹni tó ń wúkọ́, ẹni tó ń bá a sùn, ẹni tó ń bá a mu màtè, tíì ewé gbígbóná wa. Don Fermín Arrascaeta, tó ní ilé mẹ́rìnlá, wá bá mi pé, “Dóńà Eudosia, ẹ dáná sun ìwé yìí jàre, ẹ ń bà mí lórúkọ jẹ́!” Mo ní kó la fèrèsé sí àwọn yàrá rẹ̀ ná. Kò là á, èmi náà kò sun ún. Celina, má sun ún. Bí Don Fermín bá wá síbi òkú mi, ẹ fi í jókòó sẹ́bàá fèrèsé, kó mọ bí atẹ́gùn ṣe ń rí.

Ìkẹrin. Igbá màtè ìyá wa àti ọ̀pá fàdákà tí a fi ń fà á mu di ti Domitila. Igbá kan, ọ̀pá kan ni gbogbo wa ń gbé yípo níbí, ẹni tó bá kọ̀ ọ́ ti bú onílé. Láti ọdún 1925 ni mo ti ń kọ̀ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó sú u, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹnu mi ń rùn ni, àbí ẹ ti wá di dókítà lé wa lórí?” Ọdún mẹ́fà rèé, kò bá mi sọ̀rọ̀.

Domitila, ẹnu tèmi ni mo ń sá fún. Yọ káàdì ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá: orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi aṣọ bomú, tí mo ń dúró síta ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé. Mo mọ̀ ọ́: bí mo bá sọ fún ọ, wàá gba igbá náà lọ́wọ́ mi, wàá mu ún lẹ́yìn ẹnu mi tipátipá. N kò gbà. Lọ́dọọdún ni mo ń béèrè rẹ lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì yín, tí mo sì ń kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ mi: Domitila, kò wúkọ́. Ìgbà mẹ́sàn-án ni mo kọ ọ́. Èmi ni mo borí.

Se ọ̀pá náà nínú omi híhó. Lẹ́yìn náà, mu tìrẹ, kí o sì bá mi mu tèmi.

Mo fọwọ́ ara mi kọ orúkọ mi sí i, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹjọ, ọdún 1934.
Eudosia Barragán Liendo

Ó ṣojú wa, fèrèsé sì wà ní ṣíṣí:
Baldomero Quiroga, oníbúrẹ́dì
Zulema Iriondo, aránṣọ