Àtẹ́lẹwọ́ Màmá Ìgólò

Ìdí-Ìrókò, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú

Láti ìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà, títì wa dákẹ́ bí ẹni tó sùn lọ. Mo jókòó lẹ́bàá fèrèsé, mò ń gbọ́ ohùn ẹyẹ tí tírélà kì í jẹ́ kí n gbọ́ tẹ́lẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ ìjọba ọ̀run ni mo fi wàásù láàárọ̀. Ìwàásù náà dùn lẹ́nu mi, àfi bíi pé mo ń kọrin.

Nígbà tó kan oúnjẹ Olúwa, màmá àgbà kan láti Ìgólò, lódìkejì bọ́dà, kúnlẹ̀ níwájú mi, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. N kò mọ̀ wọ́n rí.

"Màmá, ṣé bíṣọ́ọ̀bù ti gbọ́wọ́ lé yín lórí?"

"Ọdún yìí ló yẹ kí wọ́n ṣe é fún mi, àlùfáà, ni wọ́n bá ti bọ́dà."

Nínú ìjọ wa, ẹni tí bíṣọ́ọ̀bù kò bá tíì gbọ́wọ́ lé lórí kì í jẹ ẹ́. Mo súre fún wọn, mo gbé búrẹ́dì kọjá.

"Mẹsí," ni wọ́n fi Faransé dúpẹ́. Wọn ò tètè pa ọwọ́ náà dé. Àtọ̀sán ni àtẹ́lẹwọ́ náà ti ń léfòó lójú mi, bí ewé lórí omi.

Lẹ́yìn ìsìn, mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe rọ́nà kọjá. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ kọ́sítọ́ọ̀mù tó ń ṣọ́ okùn tí wọ́n fi dí ọ̀nà bi mí níbi tí mò ń lọ. Mo ní ilé Bàbá mi ni. Ó bá gbé okùn sókè, ó ní kí n rọra bẹ̀rẹ̀ kọjá."

Okùn lásán ni wọ́n fún ọmọ yẹn. Èmi, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fún mi.