Orúkọ Moṣọpẹ́ Nínú Kọ̀ǹpútà Ọsibítù

Basin, Ìlọrin,
Oṣù Kẹsàn-án, 1998.

Nathan ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ara le, ṣé ò ń jẹun, àbí búrẹ́dì àti tíì náà lo ṣì ń jẹ sùn lálaalẹ́? Ọlọ́run tó mú ọ dé Èkó ní àlàáfíà kò ní í jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì. Ibi tí o bá wọlé sí, ojú rere ni wọn ó fi gbà ọ́. Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọpẹ́ tèmi lọ́sẹ̀ yìí, tipátipá ni mo fi ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Orúnkún bàbá rẹ ṣì ń dùn ún, ó sì ń bínú sí òjò bí ẹni pé òjò ló ṣe é. Òjò náà ti ká páànù kan kúrò lórí ilé ìdáná, abọ́ la fi ń gbe omi tó ń jò. Safiyat tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa, tí a jọ ń ta ẹ̀wà ní ọjà Ìpata, ní kí n kí ọ, ó ní ṣé o ti rí ìyàwó. Mo ní kó fi ọ́ sílẹ̀, ó ní òun ò fi ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́tà rẹ tó dé kẹ́yìn, mo ti kà á títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Èyí tí o sọ pé kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ yín kún fún orúkọ àwọn oníbàárà tí kò wá mọ́, tí o jókòó tì í láàárọ̀, tí o sì pa gbogbo wọn rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà kí ọ̀gá yín tó jẹun ọ̀sán, tí ọ̀gá sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn. Mo mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi dúpẹ́. Mo jó síwájú, mo fi nǹkan sínú àwo, mo ní Ọlọ́run, o ṣeun tí o fún ọmọ mi ní ọwọ́ tó mọ nǹkan í pa rẹ́. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Nathan, mi ò mọ ohun tí mò ń dúpẹ́ fún.

Èmi fúnra mi ni mò ń kọ lẹ́tà yìí, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi kọ ọ́, nítorí náà bí o bá rí ibi tí mo ti ṣìkọ, fojú fò ó. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ni. O ò mọ̀ ọ́n, o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò nígbà tó lọ. Moṣọpẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún tí a mú un lọ ṣe Kérésìmesì lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ọ̀mù-Àrán, ibẹ̀ ni ibà ti mú un, ibẹ̀ náà la sin ín sí. Nígbà tí a padà dé Ìlọrin, àwọn tó ń pè mí ní Ìyá Moṣọpẹ́ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ìyá Nathan. Àánú ni wọ́n fi ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ṣe é fún ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí, kì í ṣe ẹ̀bi wọn, kì í sì í ṣe ẹ̀bi tìrẹ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pe orúkọ yẹn sí etí mi mọ́. Bàbá rẹ kò pè é. Èmi náà kò pè é, nítorí bàbá rẹ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni mo tẹ̀lé bàbá rẹ lọ sí ọsibítù nítorí orúnkún. Kọ̀ǹpútà ti dé ibẹ̀. Yàrá kan ni wọ́n gbé e sí, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù kọjú sí i, ibẹ̀ tutù ju ibi tí wọ́n ń kó ẹja sí lọ, mo sì rò ó, mo rí i pé kí orúkọ má baà bàjẹ́ ni. Ó dà bíi tẹlifíṣọ̀n ṣùgbọ́n kì í sọ ìròyìn. Mo kí i, kò dáhùn, mo ní bóyá èdè Òyìnbó nìkan ló gbọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tẹ̀ ẹ́, Shehu, ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé ni, ó ní gbogbo káàdì àtijọ́ tó wà ní ọsibítù ni àwọn ti kó sínú rẹ̀. Bàbá rẹ jókòó síta, kò gbọ́. Shehu wá ń ka àwọn ará ilé wa fún mi lójú ẹ̀rọ náà. Ó ka bàbá rẹ, Isaiah Fọláránmi, ó ka èmi, ó sì ní Moṣọpẹ́ Fọláránmi ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ le.

Nathan, mo ní ara rẹ̀ le.

Ọsibítù kò mọ̀ pé ó ti kú. Ọ̀mù-Àrán ló kú sí, ta ni ì bá sọ fún wọn? Shehu ní ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n báyìí. Mo ní kó tún un kà. Mi ò mọ̀ rárá pé kọ̀ǹpútà ti ń bá mi tọ́ ọ, pé bí ọdún ti ń yí po ló ń fi kún un fún un, tí èmi ìyá rẹ̀ sì fi í sílẹ̀ sí ọmọ ọdún mẹ́rin. Mo bi í bóyá ó ti lọ́kọ. Ó wò ó, ó ní kọ̀ǹpútà sọ pé kò tíì lọ́kọ. Mo ní Ọlọ́run á ṣe é.

Láti ìgbà náà, bí ayé bá ti sú mi, ọsibítù ni mò ń lọ. Mo máa ń gba nọ́mbà pé ọmọ mi fẹ́ rí dókítà, mo máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn aláìsàn, tó bá yá Shehu á yọ orí síta, á pe Moṣọpẹ́ Fọláránmi, á pè é ketekete, gbogbo èèyàn á gbọ́. Èmi á ní ó wà ńbí. Lẹ́yìn náà ni n óò sọ fún nọ́ọ̀sì pé ara ọmọ náà ti yá, n óò sì máa lọ sílé. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Lami ní òun ò rí ọmọ tí ara rẹ̀ ń tètè yá tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní àdúrà ni.

Àfi bí mo ṣe lọ lóṣù yìí tí Shehu ní kọ̀ǹpútà ti kún. Ó ní wọ́n ti pàṣẹ fún àwọn kí àwọn pa orúkọ gbogbo ẹni tí dókítà kò fojú kàn láti ọjọ́ pípẹ́ rẹ́, pé wọn ò wúlò mọ́, wọ́n kàn ń gba àyè. Mo bi í pé báwo ni orúkọ ṣe ń gba àyè, ṣé ó wúwo ni. Mo ní bó bá jẹ́ àyè ni, kí wọ́n kó wọn wá sílé wa, yàrá rẹ ṣófo, mo lè máa ra yìnyín sí i bó bá jẹ́ òtútù ni wọ́n fẹ́. Shehu kò rẹ́rìn-ín, ọmọ dáadáa ni. Mo bi í pé ṣé á máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń pa wọ́n rẹ́, bí wọ́n ti ń pe orúkọ nílé ìwé. Ó ní rárá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lòun máa tẹ̀ ẹ́, gbogbo wọn á sì lọ pọ̀. Ó ní ọjọ́ Jímọ̀ ni, kí òun tó lọ kírun. Mo ní ṣé kò wá sí ibòmíràn tí orúkọ náà wà ni, ó ní ó wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó gbé kọ̀ǹpútà wá, ní Èkó, ṣùgbọ́n bí àwọn bá ti pa á rẹ́ níbí, àwọn á ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n á pa á rẹ́ lọ́hùn-ún náà.

Mi ò sùn. Mo rò ó pé bí dókítà bá sáà ti rí i, kò ní í sí lára àwọn tí wọ́n máa kó lọ. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo wọ bùbá mi tó dára jù, mo kun àtíkè, mo fi gèlè bo irun funfun, nígbà tí Shehu sì pe Moṣọpẹ́ Fọláránmi, mo dìde, mo wọlé tọ dókítà lọ.

Dókítà náà wo káàdì, ó wo ojú mi. Ó bi mí ní ọjọ́ orí mi. Mo ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kò bínú. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní Màmá, ẹ ní ọdún mélòó? Mo tún ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ṣùgbọ́n ẹkún gbà mí lẹ́nu, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, Ọ̀mù-Àrán, ibà, gbogbo rẹ̀. Ó fọwọ́ lé mi léjìká, ó ní ẹ pẹ̀lẹ́, òun á bá mi tún un ṣe. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo rò pé àtúnṣe tí mo wá bẹ̀ ló fẹ́ ṣe. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sórí káàdì pé ọmọ náà ti kú, ó sì fi ránṣẹ́ sí Shehu. Ó ní irú èyí kì í dúró di ọjọ́ Jímọ̀.

Mo sáré tẹ̀lé káàdì náà. Mo ní kí Shehu dúró díẹ̀ kí n tún gèlè mi dì, kó bá mi pè é lẹ́ẹ̀kan sí i ná. Ọwọ́ rẹ̀ ti kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó ní Màmá, ẹ ṣe sùúrù, kádàrá ni. Ó yí ojú ẹ̀rọ náà sí mi kí n lè rí i. Bàbá rẹ wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀. Ibi tí Moṣọpẹ́ wà tẹ́lẹ̀ kò tilẹ̀ ṣófo, orúkọ ará ilé mìíràn ti sún sókè dí i.

Mo délé, mo sọ fún bàbá rẹ. Mo rò pé á bá mi jà ni. Ó bi mí pé ọdún mélòó ni kọ̀ǹpútà ní ó jẹ́. Mo ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó dìde pẹ̀lú orúnkún yẹn, ó lọ jókòó sẹ́yìn ilé nínú òjò winniwinni. Oúnjẹ tí mo gbé fún un, adìyẹ Safiyat ló jẹ ẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe rèé. Wá ilé iṣẹ́ tó wà ní Èkó yẹn kàn, kí wọn, dọ̀bálẹ̀ fún wọn, sọ fún wọn pé bóyá iṣẹ́ tí Ìlọrin rán kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, kí wọ́n má tíì pa á rẹ́. Mo mọ̀ pé kò ní í ṣeé ṣe. Mo ti mọ̀ kí n tó mú bírò. Àwọn tí ìwọ náà pa rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ṣé o tiẹ̀ ka orúkọ wọn? Mi ò bá ọ wí. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, kí o tó tẹ̀ ẹ́, rọra pè wọ́n, kí ọ̀gá yín má gbọ́.

Bí ọwọ́ rẹ bá gbà á, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún páànù ilé ìdáná àti òróró tí bàbá rẹ fi ń ra orúnkún. Bí kò bá sí, má ṣe torí rẹ̀ yáwó. Lẹ́tà ni kí o má fi falẹ̀, kódà bí kò bá sí nǹkan kan nínú rẹ̀. O mọ̀ pé àpótí lẹ́tà ṣọ́ọ̀ṣì ni tiwa ń bá wá, tí akọ̀wé ìjọ á sì dìde lẹ́yìn ìfilọ̀, á máa pe ẹni tó ní lẹ́tà síta níwájú gbogbo ìjọ. Ìyá Nathan ló máa ń pè, nítorí ohun tí ò ń kọ sẹ́yìn lẹ́tà nìyẹn. Èyí tó ń bọ̀ yìí, Ìyá Moṣọpẹ́ ni kí o kọ. Akọ̀wé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìjọ wa ni, kò ní í mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Á pè é, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á tún un pè, á gbé ohùn sókè. Mi ò ní í tètè dìde.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ, á ṣọ́ ọ bọ̀. O ò ní í sin ọmọ tí o bí. Orúkọ rẹ kò ní í tán lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn rẹ.

Èmi ni,
ìyá ẹ̀yin méjèèjì.