Sí Àbúrò Mi Tó Fẹ́ Lọ Sùn ní Òtẹ́ẹ̀lì ní Manchester

                                        Ojúlé 23, Òpópónà Ọṣìnúbi,
                                        Ladi-Lak, Bàrígà,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Kẹta, Ọdún 2025.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ọládiméjì,

Mo kí ọ, mo kí orúnkún rẹ, mo kí àwọn adìyẹ rẹ. Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn ti rọlẹ̀? Ṣé ò ń lo oògùn rẹ lóòótọ́, àbí ò ń tò ó sórí tábìlì kí àlejò lè rí i pé o ní dókítà? Adébùnmí tó ń bá ọ se oúnjẹ láti ìgbà tí Àyìnkẹ́ ìyàwó rẹ ti kú ńkọ́? Ṣé àṣẹ pípa rẹ kò tíì lé e lọ? Ní tèmi, ara le díẹ̀. Wọ́n mú iná wá fún wákàtí mẹ́rin lánàá, gbogbo Ladi-Lak sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Mo gba ìwé rẹ lọ́wọ́ Isiaq, awakọ̀ tó máa ń kó ìwé títẹ̀ láti Ṣómólú lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ojú-ewé mẹ́rin! Àkòrí rẹ̀ nìkan gba ìlà méjì: "Ìbéèrè fún Ìmọ̀ràn lórí Ọ̀nà Ìṣọ́wóná fún Arìnrìn-àjò Ilẹ̀ Òkèèrè." O fi nọ́ńbà sí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, o tún to lẹ́tà kéékèèké sábẹ́ nọ́ńbà, o wá lu òǹtẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí o ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn sí i nísàlẹ̀. Ọládi, èmi tí mo pọ̀n ọ́ lọ sódò lo wá ń lu òǹtẹ̀ fún?

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. O ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ àtijọ́ tó wà ní Manchester pè ọ́ síbi àjọyọ̀ wọn ní oṣù karùn-ún, físà sì ti jáde. Inú mi dùn. O ní ọ̀sẹ̀ méjì lo máa lò. Ó dára. O dárúkọ òtẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀meje. Ṣùgbọ́n nínú ojú-ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, o kò dárúkọ Morọ́láyọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Morọ́láyọ̀ ọmọ bíbí inú rẹ, tó ń gbé ní Manchester kan náà, tí o kò fojú kàn láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn tí o ti kọ̀ láti lọ síbi ìgbéyàwó rẹ̀. Mo ṣe bí ẹni pé n kò ṣàkíyèsí. Ìmọ̀ràn ìṣọ́wóná lo bèèrè, òun náà ni màá kọ́kọ́ fún ọ.

Má lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ ọkùnrin Ọbaníkòró tí o dárúkọ yẹn. Mo mọ ọ́fíìsì rẹ̀. Ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa, ó ní ẹ̀rọ amúlétutù méjì, ọmọbìnrin kan sì ń gbé kọ́fí fún àwọn oníbàárà. Ta lo rò pé ó ń sanwó kọ́fí náà? Mo ní kí Fareedah, ọmọ aládùúgbò mi tó wà ní yunifásítì ní Akọ́kà, bá mi wo iye tíkẹ́ẹ̀tì kan náà lórí fóònù rẹ̀. Tí o bá gbéra lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun dípò ọjọ́ Ẹtì, tí o sì gbà kí ọkọ̀ òfuurufú yà fún wákàtí mẹ́ta lọ́nà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà ló máa dín. Wàá ní ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kì í dúró lọ́nà. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó to ìlà owó ìfẹ̀yìntì fún ọjọ́ mẹ́ta ní Abẹ́òkúta, ṣé wákàtí mẹ́ta lórí àga tìmùtìmù ni kò ní lè dúró?

Ní ti igba káàdì tí o ní kí n bá ọ tẹ̀ ní Ṣómólú, èyí tí oyè rẹ gùn ju àdírẹ́sì rẹ lọ, mo gbé e lọ fún Ikúmápàyí atẹ̀wé. Ó wo bébà náà títí, ó bọ́ gíláàsì rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ṣé gómìnà ni Bàbá fẹ́ ṣe ni, àbí sẹ́nétọ̀?" Mo ní rárá o, wọ́n fẹ́ lọ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ni. Ó ní, "Ṣé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ò mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀ ni?" Mo gba bébà mi, mo gba ilé lọ. Wọ́n mọ̀ ọ́, Ọládi. Ìwọ lo nà wọ́n. Owó káàdì ti kúrò ńbẹ̀ nìyẹn.

Ẹrù rẹ wá ńkọ́? Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ bá ọmọ mi tọ́jú ọmọ rẹ̀ ní Birmingham, mo dágbére fún gbogbo àdúgbò bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Ilé tí mo bá ti wọ̀, wọ́n á gbé páálí kékeré kan lé mi lọ́wọ́: "Ẹ bá mi gbé e fún Abdulhakeem." "Ẹ bá mi fún ìyàwó ẹ̀, kò wúwo." Nígbà tí mo fi dé pápákọ̀ òfuurufú, nínú gbogbo ẹrù yẹn, aṣọ mẹ́ta péré ló jẹ́ tèmi, síbẹ̀ èmi ni mo sanwó àlékún. Nítorí náà, má dágbére fún ẹnikẹ́ni. Tí o bá padà dé, wọ́n á rí ọ. Kí o sì wọn àpótí rẹ kí o tó kúrò nílé. Ọ̀dọ̀ Táwà tó ń ta ẹja yìnyín nítòsí wa ni mo máa ń gbé tèmi lọ. Á fi ìkọ́ òṣùwọ̀n rẹ̀ gbé e sókè, á ní, "Ìyá Tíṣà, ẹja yìí ti sanra jù, ẹ bu díẹ̀ kúrò." Àpótí mi máa ń rùn dé London, ṣùgbọ́n n kò sanwó àlékún mọ́.

Má ra kóòtù òtútù l'Ékòó. Ní ọ̀hún, àwọn ṣọ́ọ̀bù kan wà tí wọ́n ti ń ta aṣọ àlòkù tí àwọn èèyàn fi ṣe ìtọrẹ àánú. Bẹ́ẹ̀ ni, òkìrìkà ni. Mo ń rí bí imú rẹ ṣe ń ká sókè. Ṣùgbọ́n òkìrìkà tí kò tíì wọ ọkọ̀ ojú omi ni, kò sì tíì sanwó bodè. Báàgì dúdú tí mo gbé níjọ́sí, tí o ní ó jọ ti ìyàwó gómìnà, ibẹ̀ ni mo ti rà á. Mi ò sọ fún ọ nígbà yẹn torí pé ó wù mí kí o máa yìn ín.

Tí o bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin, ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ ṣáájú ọjọ́ náà, kí o sì gba káàdì àgbàlagbà. Ẹni tó bá ti pé ọgọ́ta ọdún ni wọ́n ń fún, ìdá kan nínú mẹ́ta owó ọkọ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń yọ fún un. Mo mọ̀ pé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni ọ́ láti bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Kò burú. Ṣùgbọ́n tí o bá dé ọ̀hún, jọ̀wọ́, dàgbà.

Gbé ike omi òfìfo dání. Tí wọ́n bá ti yẹ ara rẹ wò tán, bu omi sí i lẹ́nu ẹ̀rọ tó wà nínú pápákọ̀; owó ike omi kan níbẹ̀ á ra àpò píọ́wọ́tà mélòó kan ní Bàrígà. Má pààrọ̀ owó níbẹ̀. Tí ẹ̀rọ ìsanwó wọn bá bi ọ́ bóyá náírà lo fẹ́ fi san án tàbí pọ́n-ùn, tẹ pọ́n-ùn. Àwọn tó ń bá èèyàn ṣírò ọ̀hún kì í ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Pa détà fóònù rẹ kí o tó sọ̀kalẹ̀, kí o ra síìmù tiwọn. Ibì kan ṣoṣo tí n kò fẹ́ kí o ti ṣahun ni ìwé adójútòfò ìrìn-àjò. San án. Orúnkún rẹ kì í ṣe ti ọmọdé mọ́, ilé ìwòsàn wọn kò sì ní gba òǹtẹ̀ rẹ.

Ó wá ku òtẹ́ẹ̀lì. O fi owó ọjọ́ mẹ́rìnlá ránṣẹ́ sí mi pé kí Fareedah bá ọ san án lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé kó jẹ́ èyí tó ní "ibi ìgbàlejò tó bójú mu." Ta lo fẹ́ gbà lálejò? Fareedah wo iye rẹ̀, ó ní, "Màmá àgbà, owó yìí ju ti tíkẹ́ẹ̀tì lọ o. Ṣé wọn ò ní èèyàn kankan ní Manchester ni?" Èmi tí mo fi ọdún márùndínlógójì bi ọmọ ọlọ́mọ ní ìbéèrè ní kíláàsì, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún bi mí ní ẹyọ kan, mo ń wolẹ̀.

Mo bá pe Morọ́láyọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Godspower ọkọ rẹ̀ ló gbé e. Godspower tí o ní o kò rán ọmọ lọ sí yunifásítì kó wá lọ fẹ́ ará Warri tó ń tún fíríìjì ṣe. Ó ṣì ń tún fíríìjì ṣe o. Ti ilé ìwòsàn ni báyìí, èyí tí wọ́n ń kó oògùn sí. Mo sọ fún un pé ò ń bọ̀, pé òtẹ́ẹ̀lì lo sì fẹ́ dé sí. Ó wá fi Yorùbá rẹ̀ tó dà bí ẹni ń gun àkàbà sọ pé, "Bíìgì Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Dádì. Yàrá wa, wọ́n á sùn níbẹ̀. Èmi, pálọ̀ tó mi. Tí wọn ò bá fẹ́ rí ojú mi, mo lè gba iṣẹ́ alẹ́ títí wọ́n á fi lọ."

Morọ́láyọ̀ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn rẹ gan-an ló fi ń sọ̀rọ̀ tí inú bá ń bí i. Ó ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Bíìgì Mọ́mì. Òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fẹ́, kí wọ́n máa lọ sí òtẹ́ẹ̀lì. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni." Mo ní ó dáa. Mo rò pé ó ti gbé fóònù sílẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ gbé tèmi sílẹ̀ ni mo gbọ́ ọ: "Ṣé wọ́n ṣì ń mu ògì láìfi ṣúgà sí i?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ògì oníyẹ̀fun ni àwọn ń rí rà lọ́hùn-ún, kì í kan dáadáa, àmọ́ òun á wá a. Lẹ́yìn náà ni Ẹwàolúwa ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́rin, já fóònù gbà. Ó ní òun ti mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá bàbá àgbà náà mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀. Mo ní orúnkún wọn ló ń dùn wọ́n.

Má pariwo, mo ń gbọ́ ọ láti Bàrígà níbí. N kò san owó òtẹ́ẹ̀lì. Fareedah ti dá a padà sí báńkì rẹ láàárọ̀ yìí. Tí o bá ṣì fẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, ọjọ́ ṣì wà, san án fúnra rẹ. Mi ò so ọ́ lókùn. Ìbéèrè ìṣirò lo bi mí, mo sì ti ṣe é dé òpin: kò sí ibi tí ìnáwó rẹ ti lè dín tó ibẹ̀ yẹn. Èmi ni mo jókòó sórí àga rẹ níbi ìgbéyàwó náà, Ọládi, torí pé n kò fẹ́ kí ọmọ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó rí àga òfìfo. Mo lè bá ọ jókòó sórí àga. N kò lè bá ọ mu ògì yìí.

Bá mi kí Adébùnmí dáadáa, kí o sì kí àwọn olùkọ́ fẹ̀yìntì tí ẹ jọ ń ta ayò lọ́sàn-án. Fareedah ní kí n kí ọ.

Mo ti kọ àdírẹ́sì kan gàdàgbà sẹ́yìn ìwé yìí. Tí o bá dé ọ̀hún, ẹni tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò lè bi ọ́ pé níbo lo máa dé sí. Má ka oyè rẹ fún un. Fi àdírẹ́sì náà hàn án, kí o sì sọ pé, "Ilé ọmọ mi." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni. Kò ní ná ọ ní kọ́bọ̀.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kì í dákẹ́,
                                        Oyèbísí.